Ọ̀ràn Etí Ni, Ojú Ni Dókítà Ń Wò

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú fún ìdáhùn lóṣù yìí, orí òòyì àti àìlèdúró déédéé sì ni gbogbo wọn dá lé. Mo kó wọn jọ sójú kan nítorí pé ìbéèrè kan náà ló wà nídìí wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ nìkan ló là á mọ́lẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé inú etí ni àìsàn wà, kí ni dókítà ń wá lójú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Oníṣòwò aṣọ ni mí n'Ìbàdàn, mo sì ti lé lẹ́ni ọdún 55. Láti ìgbà ọyẹ́ ni òòyì ti ń kọ́ mi. Wọ́n kọ́kọ́ ní ibà ni, mo lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, kò ga. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà elétí, ó ní kí n tẹjú mọ́ imú òun, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú, ó sì yí i wìrì lójijì. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi awò dúdú kan bò mí lójú, wọ́n da omi tó tutù díẹ̀ sí mi létí, wọ́n tún da èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, títí ilé fi ń yí mọ́ mi lójú. Wọ́n tilẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ lé tìróò wá. Ọmọ mi obìnrin ní owó lásán ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, pé kí ló kan ojú nínú ọ̀ràn etí. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé àyẹ̀wò gidi ni?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú ìnáwó. Àyẹ̀wò gidi ni wọ́n ṣe fún yín. Ó wà lára èyí tí ó dára jù lọ tí a ní fún irú àìsàn yín. Ohun tí kò tọ́ ni pé wọ́n jẹ́ kí ẹ padà sílé láìṣe àlàyé fún yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣe é bí ó ti yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ méjì ni etí ń ṣe. Èkíní ni gbígbọ́, tí gbogbo wa mọ̀. Èkejì ni kí ó máa sọ fún ọpọlọ bí orí ṣe ń yí àti ibi tí orí tẹ̀ sí, kí á lè dúró, kí á lè rìn, kí á má sì ṣubú. Ohun èlò iṣẹ́ kejì yìí jìn sínú egungun orí, nínú ọ̀kan lára àwọn egungun tí ó le jù ní gbogbo ara. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí ó tẹ̀ bí ọrun ló wà níbẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan, omi sì kún inú wọn. Nídìí ihò kọ̀ọ̀kan ni àwọn irun kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí omi náà máa ń tì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ bu omi sínú igbá, ẹ ju ewé kékeré kan lé e, kí ẹ wá yí igbá náà bìrí. Igbá yóò yí, ṣùgbọ́n omi àti ewé orí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dúró sójú kan bí ẹni tí kò tíì gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nínú etí: orí yí, omi inú ihò kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn, irun tí ó wà nídìí rẹ̀ tẹ̀, iṣan sì gbé ìròyìn náà lọ sí ọpọlọ.

Kò sí dókítà tí ó lè tan iná sí ibẹ̀ kí ó wo bí omi náà ṣe ń lọ. Ẹ̀rọ ayàwòrán lè fi bí egungun ibẹ̀ ṣe rí hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá irun inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ìròyìn tí etí fi ránṣẹ́ kì í dúró sínú ọpọlọ. Ó ń kọjá tààrà sí àwọn iṣan ara tí ń yí ẹyinjú, ọ̀nà náà sì kúrú débi pé sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ló ń fà á lé ara wọn lọ́wọ́. Bí orí bá yí sí ọ̀tún, etí á pàṣẹ pé kí ẹyinjú yí sí òsì ní ìwọ̀n kan náà, kí ohun tí à ń wò má baà kúrò lójú wa, gbogbo rẹ̀ kò sì gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ẹyinjú nìkan ni ibi tí iṣẹ́ inú egungun yẹn ti jáde sí gbangba tí ọmọ aráyé fi lè rí i.

Ẹ ní kí ọmọ yín obìnrin mú ìwé ìròyìn yìí dání, kí ó máa mi orí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kíákíá bí ẹni tí ń sọ pé rárá. Yóò rí i pé òun ṣì lè ka ohun tí a kọ. Kí ó wá dá orí dúró, kí ó sì máa mi ìwé náà bí ó ti mi orí rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà yóò pòórúrúù mọ́ra wọn. Etí ló bá ojú ṣe iṣẹ́ nínú ti àkọ́kọ́. Nínú ti èkejì, wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ojú nìkan, ọwọ́ ojú kò sì yá tó ti etí.

Ohun tí dókítà yín ń wò nìyẹn nígbà tí ó di orí yín mú. Bí etí ọ̀tún yín bá ń ṣiṣẹ́, bí ó ti wù kí ó yára yí orí yín sí ọ̀tún tó, ojú yín kò ní kúrò lórí imú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ etí ọ̀tún bá ti rẹ̀yìn, kò sí ẹni tí yóò pàṣẹ fún ẹyinjú lákòókò. Yóò bá orí lọ sí ọ̀tún, yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé òun ti kúrò lórí imú dókítà, yóò sì ta padà sí òsì fìrì láti wá a. Ìtapadà kékeré yẹn ni ẹ̀rí. Orí yíyí náà kò pọ̀, ìwọ̀n digírì 10 sí 20 ni, yíyára rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Òjijì náà sì ní ìdí, nítorí pé bí ẹ bá ti mọ ìhà tí orí ń lọ, ojú yín lè ti gbára dì. Dókítà Halmagyi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Curthoys, ní Sydney ní Australia, ló gbé àyẹ̀wò yìí kalẹ̀ ní ọdún 1988. Èmi ka iṣẹ́ wọn sí oore ńlá fún dókítà tí kò ní ẹ̀rọ kankan nítòsí, nítorí pé ọwọ́ méjì àti ojú tó mọ ohun tí ó ń wá ni gbogbo ohun tí ó ń béèrè.

Omi tí wọ́n dà sí yín létí ní ìtàn tirẹ̀, ó sì pẹ́ ju ti orí yíyí lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ọ̀dọ́ dókítà kan wà ní Vienna ní ilẹ̀ Austria, Robert Bárány ni orúkọ rẹ̀, tí ó máa ń fi omi fọ etí àwọn aláìsàn. Àwọn kan nínú wọn a máa ké pé òòyì ń kọ́ àwọn. Ó wò wọ́n lójú, ó sì rí i pé ẹyinjú wọn ń sún lọ díẹ̀díẹ̀ sí ìhà kan, á sì ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, á tún sún, á tún ta. Sísún àti títa yìí ni àwọn dókítà ń pè ní nystagmus. Aláìsàn kan sọ fún un pé ìgbà tí omi kò bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó nìkan ni òòyì ń kọ́ òun. Wọ́n wá mú omi tó gbóná wá. Aláìsàn náà tún ké, ó ní èyí ti gbóná jù, òòyì sì ti tún dé. Bárány yára wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé ìhà kejì ni ẹyinjú ń ta sí báyìí.

Ibẹ̀ ni òye ti là á. Bí a bá dáná sábẹ́ ìkòkò, omi tí ó gbóná nísàlẹ̀ a máa gòkè, èyí tí ó tutù a sì máa wálẹ̀. Omi tí a dà sí etí ń mú kí omi inú ihò lọ́hùn-ún gbóná tàbí tutù lápá kan, òun náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, bí ẹni pé orí ń yí nígbà tí orí kò kúrò lójú kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ dùbúlẹ̀, tí wọ́n sì gbé orí yín sókè díẹ̀, ní nǹkan bí digírì 30, kí ihò tí ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí a bá dúró lè nàró. Iṣẹ́ yìí ló mú kí wọ́n fún Bárány ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914, ṣùgbọ́n inú àgọ́ àwọn tí ogun kó lẹ́rú ní Rọ́ṣíà ló wà nígbà tí ìròyìn náà dé bá a. Ọmọ ọba Sweden kan, Carl, bá a bẹ̀bẹ̀ lórúkọ ẹgbẹ́ Red Cross kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní 1916. Uppsala ní Sweden ló sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1936. Ní 1983, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú Spacelab, níbi tí ohunkóhun kì í ti í wúwo, tún àyẹ̀wò náà ṣe, ojú wọn sì ta síbẹ̀síbẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé gígòkè-wálẹ̀ omi nìkan kọ́ ló ń fà á. Ìyẹn kò ba ìwúlò àyẹ̀wò náà jẹ́ fún àwa tí a wà lórí ilẹ̀.

Ìwọ̀n omi tí wọ́n lò fún yín ti wà láti 1942, nígbà tí Fitzgerald àti Hallpike ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ pé kí ọ̀kan jẹ́ 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí èkejì jẹ́ 44, ìyẹn ni pé méje ló fi dín, méje ló fi lé ní ìwọ̀n ooru ara, 37. Bí omi tútù bá wọ etí tí ara rẹ̀ dá, ojú a máa ta sí ìhà etí kejì. Bí ó bá jẹ́ èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìhà etí tí a da omi sí gan-an ni yóò máa ta sí. Wọ́n á ka bí ó ti yára tó ní etí méjèèjì, wọ́n á sì fi wọ́n wéra. Bí ọ̀kan bá fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rẹ̀yìn sí èkejì, wọ́n mọ etí tí àìsàn wà. Ìyá wa, mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí èyí: ilé tí ó yí mọ́ yín lójú kò túmọ̀ sí pé wọ́n pa yín lára. Etí tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Etí tí a da omi sí tí ilé kò sì yí, tí ojú kò sì ta, òun ni ó ní ìṣòro.

Ní ti awò dúdú, ojú tí ó bá rí nǹkan tẹ̀ mọ́ lè fi agbára dá sísún àti títa rẹ̀ dúró bí ó bá jẹ́ pé etí ló fà á, nítorí náà òkùnkùn la ń fi ojú sí kí ó má baà rí ohun dì mú. Kámẹ́rà kékeré tí ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí ríran ló wà nínú awò náà. Àwọ̀ dúdú ni kámẹ́rà ọ̀hún fi ń dá ọmọlójú mọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ bí tìróò ti dúdú tó. Bí ẹ bá lé e wá, ẹ̀rọ lè máa tẹ̀lé etí ìpéǹpéjú yín kí ó sì máa pè é ní ọmọlójú.

Ó dùn mí pé ẹ lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni tó wo ojú yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ padà lọ gba ìwé àbájáde yín, ẹ̀tọ́ yín ni, kí ẹ sì bi dókítà náà ní gbangba pé: etí wo ló dáhùn, èwo ni kò dáhùn, kí ló kù tí a ó ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mí. Bàbá mi, ẹni ọdún 71, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, jí láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú òòyì tí kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń bì, wọn kò sì lè dá rìn. Nílé ìwòsàn, dókítà yí orí wọn bí ẹni pé ó fẹ́ já wọn láyà, mo sì fi ojú ara mi rí i pé ojú wọn kò kúrò lórí imú rẹ̀ rárá. Mo ti kà nípa àyẹ̀wò náà, nítorí náà inú mi dùn pé etí wọn kò ní nǹkan kan. Àṣé inú dókítà kò dùn. Ó ní rọpárọsẹ̀ ló ń rò, nígbà tí wọ́n sì ya àwòrán ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ ló rí. Báwo ni àbájáde tó dára ṣe di ìròyìn burúkú?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, mo bá yín gbàdúrà kí ara wọn le. Nínú gbogbo ohun tí a ń kọ́ àwọn dókítà kéékèèké nípa òòyì, ibi tí ẹ bi mí yìí ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù, nítorí ẹ̀mí ń bẹ nínú rẹ̀.

Òòyì tí ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, tí ó sì ń lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdẹwọ́, tí ojú ẹni náà sì ń sún tí ó ń ta, ibi méjì pàtàkì ló máa ń ti wá. Ó lè jẹ́ pé iṣan tí ń gbé ìròyìn etí kan ló wú, tí ó sì dákẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan nínú ọpọlọ lẹ́yìn orí mọ́, èyí ni rọpárọsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ etí, orí yíyí gbọ́dọ̀ tú u fó. Bí a bá ń rí èéfín láàárín ilé méjì, tí a wọ ilé àkọ́kọ́ tí a kò bá iná níbẹ̀, a kì í jókòó kí a máa dúpẹ́. Ilé kejì la ó sáré lọ. Ojú bàbá tí kò kúrò lórí imú dókítà ló dá etí wọn láre, ọpọlọ ló sì kù tí ó lè fa irú òòyì bẹ́ẹ̀.

Dókítà náà kò ní fi èyí nìkan ṣe ìdájọ́. Yóò ti ní kí bàbá wo ọ̀tún, kí wọ́n wo òsì. Nínú àìsàn etí, ìhà kan ṣoṣo ni ojú máa ń ta sí, ìyẹn ìhà etí tí ó dá ṣáṣá, ó sì máa ń le sí i bí ẹni náà bá wo ìhà tí ó ń ta sí. Bí ojú bá ń ta sí ọ̀tún nígbà tí ó wo ọ̀tún, tí ó tún ń ta sí òsì nígbà tí ó wo òsì, etí kọ́ nìyẹn. Yóò sì ti fi ọwọ́ bo ojú kan, kí ó ṣí i kí ó bo èkejì, kí ó máa wò bóyá ojú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí yóò sún sókè tàbí sísàlẹ̀ kí ó tó rí ohun tí ó ń wò. Bí ó bá sún bẹ́ẹ̀, ojú méjèèjì kò wà ní ìpele kan náà mọ́, ọpọlọ la ó sì fura sí.

Ní 2009, Kattah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 101 tí òòyì wọn kò dáwọ́ dúró, tí wọ́n sì ní ohun tó lè fa rọpárọsẹ̀ lára. Àwọn àmì mẹ́ta yìí lápapọ̀ kò jẹ́ kí rọpárọsẹ̀ kankan bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ìdá 12 nínú 100 ni àwòrán ọpọlọ tí wọ́n kọ́kọ́ yà kò rí, nítorí pé àìsàn náà kò tíì ju ọjọ́ méjì lọ. Mo máa ń rántí èyí bí mo bá ronú nípa ọ̀pọ̀ ìlú nílé, níbi tí ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ jìnnà sí, tí owó rẹ̀ sì ga ju agbára ẹni lọ. Dókítà tí ó mọ ojú wò ni èèyàn lè kọ́kọ́ rí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ló ṣe ìwádìí náà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣe di orí òbí yín mú nílé kí ẹ máa yí i. Ọrùn àgbàlagbà kò gba irú rẹ̀, wákàtí tí ẹ fi ṣe é sì lè jẹ́ èyí tí ọpọlọ wọn nílò. Ẹ tún mọ̀ pé fún òòyì tí kò dáwọ́ dúró nìkan ni òfin yìí wà: ẹni tí òòyì ń kọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lọ kò ní fòyà pé ojú òun kò kúrò lórí imú dókítà, nítorí bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ojú gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ dá rí. Bí òòyì àìdáwọ́dúró bá bá ọ̀rọ̀ tí ń wọ́, ojú tí ń rí méjì-méjì, apá kan tí kò lágbára, tàbí etí kan tí ó ṣàdédé di rìn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Ẹdẹ. Bí mo bá yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn, tàbí tí mo gbójú sókè wo ohun tó wà lórí pẹpẹ, gbogbo yàrá á yí, kò sì ní pẹ́ ìṣẹ́jú kan tí yóò fi dá. Ṣé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò olómi yẹn?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò omi rárá. Nínú etí, yàtọ̀ sí àwọn ihò tí mo sọ, a ní àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí ń sọ ibi tí orí tẹ̀ sí fún wa. Irú ohun tí ó wà nínú èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Nígbà mìíràn díẹ̀ nínú wọn a já kúrò ní àyè wọn, a sì bọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ihò olómi náà. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, wọ́n á yí gbirigbiri lọ, wọ́n á wọ́ omi mọ́ra, etí á sì parọ́ fún ọpọlọ pé orí ń yí.

Dókítà yóò ní kí ẹ jókòó sórí ibùsùn, yóò yí orí yín sí ẹ̀gbẹ́ kan ní digírì 45, yóò sì tẹ́ yín sílẹ̀ kíákíá kí orí yín lè rọ̀ díẹ̀ kọjá etí ibùsùn. Ẹ má dijú, bí ó ti wù kí ó le tó, torí ojú yín ló ń wò. Yóò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹyinjú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta sókè, tí yóò sì máa yí bí ẹni ń yí ìdérí ìgò, kò sì ní pé ìṣẹ́jú kan kí ó tó rọlẹ̀. Dídákẹ́ yẹn, yíyí yẹn àti rírọlẹ̀ yẹn ló ń sọ pé òkúta ni, tí ó sì ń sọ etí tí ó wà. Dix àti Hallpike ló ṣàlàyé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Bí ó bá jẹ́ òun, dókítà lè máa yí orí yín láti ìpele kan dé èkejì lórí ibùsùn kan náà títí òkúta yóò fi jábọ́ padà sí àyè rẹ̀. Ọ̀nà tí Epley kọ jáde ní 1992 ni, kì í ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń rí ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an láìlo oògùn kankan.

ÌBÉÈRÈ: Mẹkáníìkì ni mí ní Abẹ́òkúta. Lọ́dún tó kọjá, ọgbẹ́ kan lẹ́sẹ̀ mi di àkóràn, wọ́n sì gún mi ní abẹ́rẹ́ gentamicin fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọgbẹ́ ti jinná. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá ń rìn, gbogbo pátákó tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ló ń fò sókè-sódò, n kò lè kà wọ́n; bí mo bá dúró, wọ́n á dúró. Mo ti pààrọ̀ awò ojú lẹ́ẹ̀mejì. Bí iná bá lọ lálẹ́, bí ọ̀mùtí ni mo ń ta gọ́ọ́gọ́. Òòyì kò kọ́ mi rí, mo sì ń gbọ́ràn dáadáa.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ó dùn mí láti sọ pé awò ojú kò lè ṣe é. Ojú yín dá ṣáṣá. Ohun tí ń dì í mú fún yín ló ti lọ. Gentamicin àti àwọn abẹ́rẹ́ ìdílé rẹ̀ a máa gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n wọ́n lè pa àwọn irun inú ihò olómi tí mo ti ń sọ láti òkè, irun wọ̀nyí kì í sì í hù padà bó ti yẹ nínú ènìyàn. Nítorí pé etí méjèèjì ló sábà máa ń bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tí yóò fa ojú sí ìhà kan, nítorí náà òòyì kò kọ́ yín, ojú yín kò sì ta. Gbígbọ́ràn lè wà ní pípé pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí irú àìsàn yìí fi ń sá pamọ́ fún ọ̀pọ̀ dókítà, tí wọ́n á máa rán aláìsàn kiri ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ awò.

Ní 1952, dókítà kan ní Amẹ́ríkà tí abẹ́rẹ́ streptomycin ṣe irú èyí sí, nígbà tí wọ́n ń tọ́jú ikọ́ ife tí ó mú un ní orúnkún, kọ ìrírí ara rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine, lẹ́tà méjì, J.C., ló sì fi bo orúkọ rẹ̀. Ó ní lórí ibùsùn òun, lílù ọkàn òun nìkan ti tó láti mi orí òun kí lẹ́tà inú ìwé máa fò. Òun ní láti fi orí há àárín irin méjì tí ó wà níbi ìgbérí ibùsùn kí òun tó lè kàwé. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, òun ni mo kọ́kọ́ rántí.

Ẹ lọ bá dókítà elétí. Yóò ní kí ẹ ka pátákó lẹ́tà tí a fi ń wo ojú nígbà tí orí yín dúró, kí ẹ tún kà á nígbà tí òun ń mi orí yín. Ẹni tí etí rẹ̀ dá lè pàdánù ìlà kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rí ti ń jáde. Bí ó bá yí orí yín wìrì, ojú yín yóò ta padà ní ìhà méjèèjì. Bí ó bá sì da omi sí yín létí, ó ṣeé ṣe kí ojú má sún rárá. Ẹ mú káàdì ilé ìwòsàn yín tí orúkọ abẹ́rẹ́ náà wà nínú rẹ̀ lọ, kí ẹ sì sọ ọ́ fún gbogbo dókítà tí yóò bá tún tọ́jú yín láyé, kí wọ́n má baà tún gún yín ní irú rẹ̀. Wọ́n á kọ́ yín ní eré ìdárayá orí àti ojú, bíi kí ẹ máa tẹjú mọ́ lẹ́tà kan lára ògiri kí ẹ sì máa mi orí, díẹ̀ lójoojúmọ́. Kò ní mú irun padà, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ọpọlọ láti fi ojú, ọrùn àti àtẹ́lẹsẹ̀ rọ́pò etí, ara ọ̀pọ̀ èèyàn a sì máa mókun. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ẹ má gun àkàbà nínú òkùnkùn. Bí ẹ bá sì mọ odò wẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá nìkan wọ omi mọ́, ẹ má sì mòòkùn: lábẹ́ omi, níbi tí ojú kò ti ríran, tí ẹsẹ̀ kò sì tẹlẹ̀, etí nìkan ló ń sọ fún èèyàn ìhà tí òkè wà, tiyín kò sì lè sọ ọ́ mọ́.